Ìdọ̀bálẹ̀ Tó Gba Pápá Òkè-Ògbó Là

Nígbà tí orúnkún mi ṣì ń gbọ́ tèmi… ẹ má rẹ́rìn-ín, ó gbọ́ tèmi rí… èmi ni gólì ẹgbẹ́ wa. Ibi tí ẹ ti ń rí àwọn ṣọ́ọ̀bù l'Ókè-Ògbó yẹn, pápá ni. Ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ ń sanwó wọlé wo bọ́ọ̀lù nílùú yìí. Imọ̀ ọ̀pẹ la fi ṣọgbà yí i ká. Àwa tí à ń gbá a náà ń gbowó iṣẹ́. Èmi pàápàá ń gbà á! Ẹ ò rí i pé ayé dára nígbà náà?

Bàbá Olóbì ló nilẹ̀, wọ́n kàn yá wa ni. Nígbà tó yá, wọ́n ní àwọn fẹ́ gbin obì síbẹ̀, ṣùgbọ́n kí àwọn kọ́kọ́ wá wo ohun tí à ń ṣe ná.

Ẹ gbọ́… ọjọ́ tí wọ́n wá, àwa àtàwọn ará Ẹdẹ la jọ ń gbá a. Bàbá gba ẹ̀yìn ilé tí mò ń ṣọ́ kọjá. Kí lẹ fẹ́ kí n ṣe? Kí n dúró bí òpó iná? Mo yíjú sí wọn, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ẹ káàsán o, bàbá."

Bọ́ọ̀lù kọjá lórí mi, ó wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́. A sì fìdí rẹmi.

Káptéènì wa fẹ́ fà mí ya. "Bọ́ jẹ́sì yẹn sílẹ̀!" Àṣé Bàbá wà lẹ́yìn rẹ̀.

"Ẹ máa gbá bọ́ọ̀lù yín lọ," wọ́n ní. "Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ẹ bá yọ ọmọ tó kí mi yìí, ọjọ́ náà ni mo gbin obì mi."

Bí mo ṣe ń ṣe gólì lọ títí Bàbá fi kú nìyẹn. Bọ́ọ̀lù tí mo mú kò tó nǹkan! Àwọn òǹwòran a máa kígbe, "Gólì Ẹ-káàsán!" Ta ló tó yọ mí?

Lọ́jọ́ tí a gbọ́ pé ọmọ-ọmọ Bàbá fẹ́ ta pápá náà, káptéènì yẹn kan náà tọ̀ mí wá, tòun ti ọ̀pá ìtilẹ̀ lọ́wọ́. "Ọ̀rẹ́ mi, lọ ṣe èyí tó o ṣe lọ́jọ́sí." Mo lọ. Èmi àgbà, mo dọ̀bálẹ̀ fún ọmọdé, ojú ń tì mí. Ó gbójú kúrò lórí fóònù, ó fò dìde.

"Ẹ gbà mí o, bàbá yìí ti ṣubú! Ẹ bu omi wá!"

Wọ́n da omi lé mi lórí. Kí n tó ṣàlàyé pé mò ń kí i ni, ó ti wọ mọ́tò lọ.

Ó dùn mí o, ẹ̀yin ọmọ mi. Ohun kan ṣoṣo tí mo mọ̀ ọ́n ṣe láyé… wọn ò dá a mọ̀ mọ́.