Èso Kérésì Nínú Kéèkì Ìṣínu

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má béèrè orúkọ mi. Obìnrin tí mo ṣẹ̀ ń gbé nísàlẹ̀ ilé wa ní Sùúrùlérè, ọmọ rẹ̀ sì máa ń ka irú ojú ìwé báyìí. Mo fi ọtí sínú oúnjẹ tó fi ṣínu nínú oṣù ààwẹ̀, èmi tó fọkàn tán. Kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Ó ń múra àtilọ sí Mẹ́kà báyìí, kò ní pẹ́ gbéra mọ́, ara mi kò sì gbà á mọ́ láti máa rẹ́rìn-ín sí i tí a bá pàdé lórí àtẹ̀gùn. Ìdí tí mo fi ń kọ̀wé nìyẹn.

Iṣẹ́ kéèkì ni mò ń ṣe, nínú kíṣìnnì ilé mi. Kì í ṣe kéèkì ìgbéyàwó alájà mẹ́rin o. Àwọn kékeré inú ife bébà ni, èyí tí àwọn ọmọdé ń pè ní kọ́ọ̀pù kéèkì. Àwọn wẹ́dà Pápá Àjàó ló fi irin jó ófùn mi, ilẹ̀kùn rẹ̀ kò sì pa dé dáadáa, wáyà ni mo fi ń dè é. Ohun tí àwọn oníbàárà fi mọ̀ mí ni pé ohunkóhun tó bá wà lásìkò ni mo ń fi sínú kéèkì. Bí àgbálùmọ̀ bá dé, mo ṣe ti àgbálùmọ̀. Èyí tí mo kọ́kọ́ ṣe kan débi pé ojú kan ni Tóbi ọmọ mi fi wò mí títí ilẹ̀ fi ṣú. Bí máńgòrò bá dé, ilé wa á máa run máńgòrò títí ọkọ mi á fi ní òun fẹ́ lọ máa sùn níta. Nígbà àgbàdo, mo máa ń lọ àgbàdo tútù mọ́ àgbọn. Tó bá wá di oṣù Ọ̀wàrà, mo máa ń gé èso àjàrà gbígbẹ àti oríṣiríṣi èso mìíràn sínú ike ńlá kan, mo máa ń da ọtí bùràńdì lé e lórí, kí ó máa mu ún títí Kérésì á fi dé. Gbogbo ẹni tó ń ṣe kéèkì Kérésì ló mọ̀ ọ́n.

Obìnrin tí mò ń sọ, Ìyá Rọ́fíà ni wọ́n ń pè é. Ó ń ta bẹ́dṣíìtì àti kọ́tìnnì ní Tejúoṣó. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni, Mùsùlùmí tí kì í jẹ́ kí àkókò ìrun kan fo òun. Àwọn tó bá fẹ́ pọ́n ọn lé lọ́jà máa ń pè é ní Àlàájà, ojú ẹsẹ̀ ló sì máa ń dá wọn lóhùn pé, "Mi ò tíì dé Mẹ́kà. Ìyá Rọ́fíà ni kí ẹ máa pè mí." Obìnrin tí kò gba oyè tí kò tíì tọ́ sí i, òun ni mo wá ń parọ́ fún.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ti ṣe fún mi, kí ẹ lè mọ bí mo ṣe burú tó. Nígbà tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún mi láti bí àbíkẹ́yìn mi, òun ló gba Tóbi sọ́dọ̀. Ó ń wẹ̀ fún un, ó ń mú un lọ sílé ìwé kó tó lọ sọ́jà. Nígbà tó di ọjọ́ Ìsinmi, ó wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì fún un, ó sì fà á lé aládùúgbò wa kan lọ́wọ́ pé kó mú un dé ṣọ́ọ̀ṣì wa. Èmi kò ní kó ṣe é o. Ó ní ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n gbé wá bá òun, kò gbọdọ̀ jẹ́ ilé òun ni yóò ti gbàgbé rẹ̀.

Lọ́dún tí ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀, ó ní kí n bá òun ṣe kéèkì tí òun máa gbé lọ fún àwọn obìnrin àsàlátù láti fi ṣínu ní ọjọ́ Sátidé kan nínú Ràmàdáánì. Ó ní, "Ìyá Tóbi, fi dàbínù sí i. Ìyẹn ló wà lásìkò tiwa." Inú mi dùn gan-an. Mi ò tíì fi dàbínù ṣe kéèkì rí, bẹ́ẹ̀ èso tó dùn ni, kò sì sí ilé Mùsùlùmí tí kì í sí lórí tábìlì nígbà ìṣínu.

Ní ọjọ́ Ẹtì, mo gé dàbínù náà, mo rẹ ẹ́ sínú mílíìkì, mo gbé e sínú fíríìjì. Ni iná bá lọ. Kò dé títí ilẹ̀ fi mọ́. Nígbà tí mo ṣí i láàárọ̀, mílíìkì ti dì, ó ti ń rùn. Mo dà á nù. Kéèkì máńgòrò oníbàárà mìíràn kún orí tábìlì, mi ò tíì fi áísìn sí wọn, òjò sì ń rọ̀.

Nínú ààwẹ̀, àwọn Hausa tó ń ta dàbínù kún Ojúẹlẹ́gbà. Ká ní mo jáde, ǹ bá rí i rà. Òjò ń rọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n agbòjò wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ẹ jọ̀ọ́, mi ò fẹ́ fi òjò ṣe àwáwí níbí. Ọ̀lẹ ló ṣe mí.

Ike èso Kérésì ṣì wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù, ó sì ṣẹ́kù dáadáa. Nígbà tí mo ṣí i, òórùn rẹ̀ bo gbogbo kíṣìnnì. Mo da omi gbígbóná sí i, mo sẹ́ ẹ, mo tún da òmíràn sí i. Mo ń sọ fún ara mi pé iná ófùn á sun ìyókù ọtí náà dànù. Mo ń sọ fún ara mi pé èso ni, kì í ṣe ọtí. Ṣùgbọ́n mo mọ̀. Mo ti gbé láàárín Mùsùlùmí láti kékeré, ìyá tó bí bàbá mi gan-an, Mùsùlùmí ni. Kò sí ẹni tó ní láti wá ṣàlàyé fún mi.

Ìyá Rọ́fíà gòkè wá gbé e lọ́sàn-án. Kò lè tọ́ ọ wò, ẹnu rẹ̀ wà nínú ààwẹ̀. Ó bu ọ̀kan sí méjì, ó wò ó.

"Dàbínù yìí mà dúdú o."

"Tíì ni mo fi rẹ ẹ́, mà."

Ó ṣàdúrà fún mi pé ọwọ́ mi kò ní ṣá, ó gbé e sọ̀ kalẹ̀. Gbogbo ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo ń bẹ Ọlọ́run pé kí kéèkì náà má dùn. Mo fẹ́ kí wọ́n jẹ díẹ̀, kí wọ́n fi ìyókù sílẹ̀ fún èèrà. Ṣùgbọ́n nígbà tó padà dé, ìsàlẹ̀ ló ti ń pè mí. Ó ní àwọn obìnrin ń bu ti ara wọn jẹ. Ó ní ìyá àgbà kan tí kì í jẹ nǹkan dídùn jẹ méjì, ó tún fi ọ̀kan sínú báàgì. Wọ́n ní kí ni mo fi sí i?

Ṣé ẹ mọ èyí tó burú jù níbẹ̀? Inú mi dùn. Mo dúró lórí àtẹ̀gùn, mò ń rẹ́rìn-ín.

Lọ́dún kejì, mo pinnu pé mi ò ní ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Mo ra dàbínù, mo fi tíì rẹ ẹ́, kí irọ́ mi lè di òótọ́. Mo rò pé mo ti bọ́ nìyẹn. Nígbà tí Ìyá Rọ́fíà padà ti ìṣínu dé, ó rọra sọ fún mi, kò fẹ́ kó dùn mí. Ó ní, "Wọ́n ní ó dára o. Wọ́n kàn ní adùn ti èṣí yẹn kò sí níbẹ̀."

Ó dùn mí. Ẹ ò lè mọ bó ṣe dùn mí tó. Ẹni tí kì í se oúnjẹ tà lè sọ pé ọ̀rọ̀ kékeré ni, ṣùgbọ́n ẹni tí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ jẹ́ oyè rẹ̀ máa mọ̀. Mo bá a gbé títí ọdún yípo.

Nígbà tí Ràmàdáánì tún kù fẹ́ẹ́fẹ́, mo ra dàbínù, mo sì rẹ ẹ́ sínú bùràńdì. Mo gbé e pa mọ́ sẹ́yìn àpò ìrẹsì kí àwọn ará ilé má bàa bi mí. Òjò kò rọ̀ lọ́dún yẹn. Iná kò lọ. Kò sí ẹni tó ń lé mi. Èyí tó ṣáájú, bóyá ẹ lè bá mi pè é ní àṣìṣe. Èyí, mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Mo fẹ́ kí wọ́n yìn mí. Wọ́n sì yìn mí. Mo tún ṣe é lọ́dún tó tẹ̀ lé e.

Nínú ààwẹ̀ tí mo kọ́kọ́ mọ̀ọ́mọ̀ fi bùràńdì sí i yẹn ni Ọjọ́ Ẹtì Rere bọ́ sí. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Ìyá Rọ́fíà gbé abọ́ ọbẹ̀ gòkè wá fún wa. Ó ní, "Mo mọ̀ pé ẹ kì í jẹ ẹran lónìí. Ẹja ni. Omi ẹran kò kàn án rárá, mo fọ ìkòkò kí n tó gbé e kaná. Mi ò lè tọ́ ọ wò, ẹ bá mi wo iyọ̀ rẹ̀."

Ebi ń pa á, òùngbẹ ń gbẹ ẹ́, ó dúró ti iná, ó ń ṣọ́ ìkòkò kí omi ẹran má bàa kan oúnjẹ mi. Iyọ̀ rẹ̀ pé. Mo gbé e fún àwọn ọmọ, mo wọ ilé ìwẹ̀ lọ sunkún.

Mo sọ fún ọkọ mi. Ẹ̀rín ló fi rín. Ó ní, "Ṣé ìgò lo gbé sí i lẹ́nu ni? Iná ti sun ọtí yẹn dànù, jàre." Mo bi í léèrè pé tí kò bá sí nǹkan níbẹ̀, kí ló dé tí mo fi gbé e pa mọ́ sẹ́yìn àpò ìrẹsì. Ó ní tí mo bá lọ sọ ọ́, wàhálà ni mo fẹ́ fi ọwọ́ ara mi fà, wọ́n á tàn án ká gbogbo àdúgbò, oníbàárà á sá. Mo gbọ́ràn sí i lẹ́nu nítorí ohun tí mo fẹ́ gbọ́ ló sọ.

Ọjọ́ Ìsinmi tó kọjá ni mo wá rí ohun tí mi ò rò. A ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ṣọ́ọ̀ṣì dé. Ìyá Rọ́fíà kanlẹ̀kùn, ó wọlé, ó fẹ́ kúnlẹ̀ fún mi lórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ pálọ̀. Mo sáré dì í mú. Ẹ̀yin tí ẹ ní Mùsùlùmí nílé mọ̀ pé ẹni tó ń lọ Mẹ́kà máa ń kọ́kọ́ tọrọ àforíjì lọ́dọ̀ ẹbí àti aládùúgbò. Ìyẹn ló bá wá. Obìnrin tó lè bí mi, tó ti ń pè mí ní ìwọ láti ọjọ́ tí a ti dé ilé yẹn, ọjọ́ náà ló pè mí ní ẹ̀yin.

Ó ní, "Ìyá Tóbi, ẹ forí jì mí. Lọ́jọ́ tí mo pariwo lé yín lórí nítorí èéfín jẹnẹrétọ̀. Mo sì tún sọ fún Rọ́fíà nígbà kan pé kéèkì àgbálùmọ̀ yín kan, ẹnu ẹni kò lè gbà á. Ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn ni, kò dára. Ẹ jọ̀ọ́."

Mo ní mo ti forí jì yín, mà. Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀. Mo fi ẹnu mi dárí ji obìnrin yẹn nítorí pé ó sọ òótọ́ nípa kéèkì mi.

Ó fa ọwọ́ mi méjèèjì. Ó ní, "Èmi náà ti forí jì yín, èyí tí mo mọ̀ àti èyí tí mi ò mọ̀."

Ẹnu mi là. Mo fẹ́ sọ ọ́. Mo búra fún yín pé mo fẹ́ sọ ọ́. Rọ́fíà bá pe ìyá rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ pé àlejò ti dé, ni mo bá pa ẹnu dé. Kó tó jáde, ó ní kí n bá òun ṣe kéèkì dàbínù yẹn fún ọjọ́ tí àwọn àsàlátù máa wá ṣàdúrà fún òun.

Mo ti da bùràńdì tó kù nílé sínú síńkì. Tíì ni màá lò, bí wọ́n bá fẹ́ kí wọ́n ní ti èṣí dùn jù ú lọ. Ṣùgbọ́n ìyẹn kò pa ti àtẹ̀yìnwá rẹ́. Bí mo bá sọ fún un kó tó lọ, mo ti da omi tútù sí i lọ́kàn lórí ìrìn àjò tó ti ń tu owó ọjà pamọ́ fún láti ìgbà tí Rọ́fíà ti wà ní jẹ́lé-ó-sinmi. Bí mo bá dákẹ́, á lọ, á bọ̀, a ó máa pè é ní Àlàájà, irọ́ mi á sì máa bá a gbé. Àwọn obìnrin àsàlátù yòókù ńkọ́, tí kò sí ìkankan nínú wọn tó ti forí jì mí?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ mọ ẹ̀sìn, ẹ bá mi dá a lóhùn. Àforíjì tí ènìyàn ṣe láìmọ ohun tó ń forí jì, ṣé ó kàn mí? Ẹ bú mi tí ẹ bá fẹ́, ó tọ́ sí mi, ṣùgbọ́n ẹ sọ ohun tí mo lè ṣe. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà lọ́jọ́ Ìsinmi náà, ó yíjú padà, ó ní òun máa dárúkọ mi níwájú Ọlọ́run tí òun bá dé Mẹ́kà, kí n lọ ronú ohun tí mo fẹ́ kí òun bá mi tọrọ. Láàárọ̀ òní, ó tún bi mí léèrè. Mo ní mo ṣì ń rò ó, mà.