Ilẹ̀ Dúdú Ìyá Mi Kì í Ṣe Títà

Egungun mi ṣì rọ̀ nígbà tí ìyá mi ń dáko sí àfonífojì yìí, lẹ́yìn ibùdókọ̀ Abobo Gare níbí. Láti Kétu ló ti wá. Ẹ gbọ́, ẹ̀yin ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ilé ò tíì pọ̀ tó báyìí nígbà yẹn...

Tí ọyẹ́ bá dé, gbogbo àwọn tí oko wọn bá tiwa pààlà á finá sí koríko. Èéfín á bo ojú ọ̀run. Ilẹ̀ á mọ́, wọ́n á máa yọ̀. Ìyá mi kọ̀. Pòròpórò àgbàdo, ewé ẹ̀wà, èèpo ẹ̀gẹ́, ó ń tẹ́ gbogbo rẹ̀ sórí ebè. Wọ́n ní, "Ìyá Kétu, ṣé oko lẹ̀ ń ro ni àbí ààtàn?"

Ó ní, "Ààtàn ni. Èéfín tí ẹ ń wò yẹn, oúnjẹ ilẹ̀ ló ń gòkè lọ. Ta ni yóò bá yín mú un wálẹ̀?"

Tó bá kórè àgbàdo, ẹ̀wà ló máa ń gbìn tẹ̀ lé e. Tó bá ká ẹ̀wà, kì í fa gbòǹgbò rẹ̀ tu. Mo bi í léèrè ìdí. "Àgbàdo ń jẹ, ẹ̀wà ń sè. Gbòǹgbò ẹ̀wà ni ìkòkò."

Ẹ wá wo oko àwọn tó ń sun koríko lónìí. Ó funfun bí eérú. Wọ́n ń da ajílẹ̀ alápò sí i lọ́dọọdún, ilẹ̀ ń gbé e mì, kò yó. Tiwa ńkọ́? Ẹ ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Ó dúdú, ó tutù, ekòló ń yí nínú rẹ̀. Gbogbo ayé ìyá mi ló gbà.

Ilẹ̀ dúdú yìí ni Séverin tó jókòó yìí, àgbà yín, fẹ́ kí ọkọ̀ akẹ́rù wá kó lọ́la! Àwọn tó ń ta òdòdó ní Koumassi ló fẹ́ rà á, kí wọ́n rọ ọ́ sínú ìkòkò òdòdó àwọn olówó. Ó fi Faransé pe èmi àbúrò òbí rẹ̀, ó ní, "Tonton, iyẹ̀pẹ̀ lásán ni. Bí wọ́n bá kó tòkè lọ, ilẹ̀ ṣì wà níbẹ̀."

Ilẹ̀ wo? Yanrìn pupa! Séverin, bí wọ́n bá bó awọ lára rẹ, ṣé a ó ní ara rẹ ṣì wà níbẹ̀?

"Tonton, ẹ ti le jù."

Mo le. Kọnkéré ni mo ń pò láti ọjọ́ yìí, ó ti ràn mí.

Èmi kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, gbogbo yín mọ̀. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ yìí, mo gbin ẹ̀wà sí gbogbo ojú ọ̀nà tí ọkọ̀ yẹn máa gbà wọlé. Kó wá. Yóò bá mi lórí ebè. Ẹni tó bá ń wá ilẹ̀ dúdú, kó lọ kó pàǹtírí tirẹ̀ jọ, kó má finá sí i, kó sì jókòó tì í títí irun rẹ̀ yóò fi funfun, bíi ti ìyá mi.