Òfin Tí Wọ́n Ṣe Nítorí Bàbá Bùsọ́lá

Ẹ̀yin ará, ẹ bá mi gbé Ọlọ́run ga. Pásítọ̀ ti ní kí n má pẹ́, mo gbọ́ sà, ṣùgbọ́n oore tí mo fẹ́ sọ yìí kì í ṣe oore ìṣẹ́jú méjì.

Gbogbo yín lẹ mọ ọkọ mi, Bàbá Bùsọ́lá. Hospital ìjọba ni wọ́n ti ń ṣe nọ́ọ̀sì láti ìgbà tí a ti wà ní apartment ní Greenspoint, ní ìlú òyìnbó níbí. Nígbà tí ìyá wọn dùbúlẹ̀ àìsàn ní Ìjẹ̀bú, ibi iṣẹ́ ò lè fún wọn ní leave gígùn, ni wọ́n bá kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀. Wọ́n tọ́jú ìyá, wọ́n sin ín, wọ́n padà dé, wọ́n sì tún gbà wọ́n síṣẹ́. A rò pé ó parí síbẹ̀.

Èṣí ni stroke kọlù wọ́n. Ẹsẹ̀ ò gbéra, ọ̀rọ̀ ò já gaara mọ́. Nígbà tí wọ́n fẹ̀yìn tì tán la wá gbọ́ pé torí pé wọ́n kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀, òfin ò ka iṣẹ́ tí wọ́n ṣe kí wọ́n tó lọ sílé, ọdún tó kù ò sì tó. Kò sí pẹ́ńṣọ̀n, kò sí ìnṣọ́ránsì tó ń bá a rìn, therapist tó ń kọ́ wọn ní ìrìn ò sì wá mọ́. Mo gbààwẹ̀, mo máa ń sunkún nínú mọ́tò lórí freeway. Mo rò pé ẹ̀pà ò bóró mọ́.

Ọlọ́run wá gbé Miss Lorraine dìde. Ọ̀gá ọkọ mi níbi iṣẹ́ ni, màmá àgbà kan tí kì í rẹ́rìn-ín, mo máa ń sá fún wọn tẹ́lẹ̀. Màmá yìí lọ bá aṣòfin àdúgbò wọn, wọn ò sì fi í lọ́rùn sílẹ̀ títí tó fi gbé àbá òfin lọ sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Austin. Òfin fún ẹnì kan ṣoṣo, pé kí wọ́n ka gbogbo iṣẹ́ ọkọ mi pọ̀. Ní ìlú onílùú!

Lọ́jọ́ tí ìgbìmọ̀ jókòó, Miss Lorraine ló wa mọ́tò gbé wa lọ. Aṣòfin kan tó lejú koko bi wá pé ṣé kò sẹ́lòmíì tó lè tọ́jú ìyá yẹn ni. Ẹ mọ ẹnu mi, mo ti fẹ́ fèsì. Ọkọ mi fọwọ́ òsì dá mi dúró. Wọ́n rọra fa ọ̀rọ̀ náà jáde: “Èmi nìkan ló bí. Tó bá tún ṣẹlẹ̀, màá tún lọ.”

Mo ní bàbá yìí ti bà á jẹ́. Aṣòfin yẹn yọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nu ojú, òun ló sì kọ́kọ́ nawọ́ sókè pé òun fara mọ́ ọn. Òfin náà kọjá, gómìnà sì fọwọ́ sí i.

Ẹ má tíì pàtẹ́wọ́. Therapist ti padà wá. Miss Lorraine ló jókòó lẹ́yìn yẹn, ẹ wò wọ́n, wọ́n ń rẹ́rìn-ín lónìí.

Bàbá Bùsọ́lá, ẹ fi wheelchair yẹn sílẹ̀, ẹ dìde kí wọ́n rí yín. Ẹ rọra. Bùsọ́lá, má dì wọ́n mú, fi wọ́n sílẹ̀.

Ẹ̀yin ará, ẹsẹ̀ tó lọ tọ́jú ìyá ni Ọlọ́run gbé nàró yẹn. Ẹ wá bá wa yọ̀.