Ọjọ́ Àáró Ẹ̀gbọ́n Mi Tí Mo Fi Ta Káàdì

Ẹ ò ní í gbà mí gbọ́, mo mọ̀. Ta ni yóò gbà pé tíṣà tó ń fi ẹgba kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìwà rere l'Ọ̀kà lè ta ọjọ́ oko ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dànù nídìí káàdì? Èmi náà ni.

Ó ti pẹ́. Mo ń sọ ọ́ báyìí nítorí pé ọmọbìnrin ẹ̀gbọ́n mi àti ọmọkùnrin Ràfíù fẹ́ fẹ́ra, ẹ̀gbọ́n mi sì ní òun ò ní í fi ọmọ fún ìdílé ìkà. Ẹ jọ̀ọ́, Ràfíù kì í ṣe ìkà.

Opó ni ẹ̀gbọ́n mi. Ìkàrẹ́ ló ń gbé, ṣùgbọ́n oko iṣu rẹ̀ wà l'Ọ̀kà. Kò lágbára ebè kíkọ, ni mo bá bá a wọ ẹgbẹ́ àáró wa, tí a ti ń kọ ebè lóko ara wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo ti bá a ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ lóko gbogbo ọmọ ẹgbẹ́. Sátidé yẹn ló kan oko rẹ̀, èbù iṣu rẹ̀ sì ti ń hù nílẹ̀.

Ní ọ̀sán Jímọ̀, a jókòó ta póókà ní ṣọ́ọ̀bù Ràfíù, ọmọ ẹgbẹ́ wa tó ń tún ọ̀kadà ṣe n'Ìwàrò l'Ọ̀kà. Nítorí ẹ̀sìn, a kì í fi owó ta á. Àwa olódodo! Ọjọ́ àáró la fi ń ta á: ẹni tó bá jẹ á gba ọjọ́ ẹni tó pàdánù sí oko tirẹ̀. A sì ti búra pé ohun tó bá ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ kò gbọdọ̀ délé.

Mo ti pàdánù ọjọ́ tèmi. Káàdì tó tún bọ́ sí mi lọ́wọ́ ni kúìnì àti mẹ́sàn-án. Kò dára, kò burú: irú èyí tó ń ba ayé èèyàn jẹ́. Níbi tí mo sì jókòó sí, èmi ni mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ bóyá mo ń ta á lọ tàbí mo jáwọ́. Ràfíù á wò mí tán kó tó dáhùn. Ràfíù kì í sì í rọra, gbogbo ìgbà ló ń fi kún ohun tí a fi ń ta á. Ó yẹ kí n ju káàdì sílẹ̀.

Wọ́n ṣí káàdì àárín tí gbogbo wa jọ ń lò, kúìnì kan yọ. Orí mi wú.

"Tíṣà, ẹ gbé e sílẹ̀, kẹ́ ẹ lọ máa máàkì ìwé ọmọléèwé. Ọjọ́ yín ti tán," ni Ràfíù wí.

"Ó ku ti ẹ̀gbọ́n mi!" Ẹnu èmi náà ló sọ ọ́.

Kúìnì ni Ràfíù náà mú, ṣùgbọ́n kíǹgì ló tẹ̀ lé tirẹ̀. Mẹ́sàn-án ló tẹ̀ lé tèmi. Ó jẹ mí.

Nírọ̀lẹ́ mo lọ s'Ìkàrẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi ti ń ṣa ẹ̀wà oúnjẹ òṣìṣẹ́. Mo ní Ràfíù fi agídí gba ọjọ́ rẹ̀.

"Kí ni mo ṣe fún un?"

"Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Bí mo bá jẹ́wọ́, mo pàdánù ẹ̀gbọ́n mi. Bí mo bá dákẹ́, àwọn ọmọ yìí ò ní í fẹ́ra. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ti òwúrọ̀ Sátidé ọ̀hún kẹ́ ẹ tó dáhùn.

A ń kọ ebè lóko Ràfíù nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi ru oúnjẹ dé. Ó kúnlẹ̀ fún Ràfíù, ẹni tí òun fúnra rẹ̀ máa ń gbé pọ̀n ní kékeré.

"Ràfíù, jọ̀ọ́, dá ọjọ́ mi padà. Èbù mi ń bà jẹ́."

Ràfíù wojú mi. Ó ń retí kí n sọ̀rọ̀. Mo tẹ orí ba, mo ń kọbè lọ. Òun náà ò sì lè da ìbúra wa.

Ẹ̀gbọ́n mi dìde, ó gbọn iyẹ̀pẹ̀ orúnkún rẹ̀. Èmi nìkan ló bu oúnjẹ fún.

"Jẹun, àbúrò mi. Má jẹ́ kí ebi pa ọ́ lóko ìkà."

Mo jẹ ẹ́ tán.