Orúkọ Ta Ni Ẹyẹ Yìí Yóò Jẹ́?

[Fóònù ń dún.]

ÌYÁ ABẸ́RẸ́: Ẹ̀lóò?

AKỌ̀WÉ: Màmá, ẹ káàsán mà. Orúnkún yín ńkọ́?

ÌYÁ ABẸ́RẸ́: Ó wà ńbẹ̀, a jọ ń bára wa jà ni. Kí ló dé tí ò ń mí hẹlẹ báyìí?

AKỌ̀WÉ: Mùsíọ́ọ̀mù ni mo wà, mo tilẹ̀kùn mọ́ra. Màmá, ẹyẹ kékeré yẹn, èyí tí ẹ ki òwú sí nínú, tí ẹ sì rán awọ rẹ̀ lọ́dún tí ẹ fẹ̀yìn tì, tí ẹ kọ ọ́ sára páálí tí ẹ so mọ́ ọn lẹ́sẹ̀ pé “èyí yàtọ̀” —

ÌYÁ ABẸ́RẸ́: Tí gbogbo yín fi mí rẹ́rìn-ín.

AKỌ̀WÉ: Òótọ́ lẹ sọ! Ẹyẹ tuntun ni. Wọ́n fẹ́ tẹ ìròyìn rẹ̀ jáde nínú ìwé àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀. Ṣé ẹ gbọ́ mi?

ÌYÁ ABẸ́RẸ́: Mo gbọ́. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Kí ló wá ń lé ọ?

AKỌ̀WÉ: Orúkọ tó máa jẹ́ ní Látìn ni. Èmi fẹ́ fi orúkọ yín sọ ọ́. Ọ̀gá ní rárá, àna òun ni kí n fi sọ ọ́. Aago méjì sì ni deadline tí mo ní láti fi ìwé náà ránṣẹ́.

ÌYÁ ABẸ́RẸ́: Àna rẹ̀? Ṣé ìyẹn rí ẹyẹ náà rí ni?

AKỌ̀WÉ: Adìyẹ inú fìríìjì nìkan ló mọ̀.

ÌYÁ ABẸ́RẸ́: [ẹ̀rín] Fi sílẹ̀ jàre. Má torí mi pàdánù iṣẹ́ ẹ. Tó bá yá, wọ́n á tún un ṣe.

AKỌ̀WÉ: Wọn kì í tún un ṣe, Màmá! Ẹyẹ kan wà tí orúkọ rẹ̀ túmọ̀ sí aláìlẹ́sẹ̀. Wọ́n ti gé ẹsẹ̀ rẹ̀ dànù kí awọ rẹ̀ tó dé ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀mọ̀wé. Ẹsẹ̀ méjèèjì ló fi ń bà lórí igi dòní, aláìlẹ́sẹ̀ náà ni wọ́n ṣì ń —

[Ìlà fóònù ń ṣe gàràgàrà.]

ÌYÁ ABẸ́RẸ́: Ṣé o gbọ́ mi? Kí lọ̀gá yín sọ nípa tèmi gan-an?

AKỌ̀WÉ: Ẹ jẹ́ kó lọ, mà.

ÌYÁ ABẸ́RẸ́: Sọ ọ́.

AKỌ̀WÉ: Ó ní ẹni tó ń ki òwú sínú ẹyẹ kọ́ là ń fi sọ ẹyẹ lórúkọ.

[Àga dún bí Ìyá Abẹ́rẹ́ ṣe ń dìde.]

AKỌ̀WÉ: Màmá? Ṣé ẹ gbọ́ mi?

ÌYÁ ABẸ́RẸ́: Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n! Kò síka ọwọ́ mi tí abẹ́rẹ́ ò gún. Òun ò lè bó ológoṣẹ́ kan láwọ kó má fà á ya. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ilé ta ni èyí ti jáde, bí kì í bá ṣe ọwọ́ mi yìí? Kọ ọ́!

AKỌ̀WÉ: Ìdí tí mo fi pè nìyẹn. Ojú ń tì mí, mà. Ìyá Abẹ́rẹ́ là ń pè yín látọjọ́ tí mo ti débẹ̀. Mi ò mọ orúkọ yín.

ÌYÁ ABẸ́RẸ́: Kò sẹ́ni tó bi mí rí. Mú bírò.

[Ó pe orúkọ náà. Ó tún un pè, lẹ́tà kan lẹ́yìn òmíràn.]

AKỌ̀WÉ: Mo ti fi sí i.

[Wọ́n ń gbá ilẹ̀kùn.]

OHÙN ỌKÙNRIN: Ta lò ń bá sọ̀rọ̀? Ṣílẹ̀kùn!

ÌYÁ ABẸ́RẸ́: Ṣé ọ̀gá nìyẹn?

AKỌ̀WÉ: Òun ni. Ẹ dúró — Sent! Màmá, ó ti lọ!

ÌYÁ ABẸ́RẸ́: Ó ṣeun, ọmọ mi. Ṣílẹ̀kùn fún un. Gbé mi sí sípíkà, màá fúnra mi pe orúkọ mi sí i létí. Ọ̀gá, ṣé o gbọ́ mi? Èmi ni —

[Ìlà já.]