Síkúrù Méjì Lára Ilé Island

[MÙNÍRÁTÙ, oníṣòwò aṣọ, wà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní ọjà Makola, Accra. ṢẸ̀HÌNDÉ, àbúrò rẹ̀, wà nínú ilé kan tí wọ́n ń tà ní Sangotẹ̀dó, l'Ékòó.]

[Fóònù ń dún. Ariwo ọjà.]

MÙNÍRÁTÙ: Hẹ́lò? Ṣẹ̀hìndé!

ṢẸ̀HÌNDÉ: Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ káàárọ̀ mà. Ẹ kú ọjà o. Bushrah ọmọ yín ńkọ́? Àwọn ọmọ yòókù ńkọ́, ṣé—

MÙNÍRÁTÙ: Wọ́n wà, wọ́n wà, a dúpẹ́. Ṣé o ti wọlé?

ṢẸ̀HÌNDÉ: Inú pálọ̀ ni mo wà báyìí. Ilé yìí dùn ún wò, ẹ̀gbọ́n mi! Ọ̀dà tuntun, táìlì ń dán bíi dígí—

MÙNÍRÁTÙ: Mo ti rí i nígbà ọyẹ́. Screwdriver tí mo ní kí o mú dání ńkọ́?

ṢẸ̀HÌNDÉ: Ó wà lọ́wọ́ mi. Ṣùgbọ́n kí la fẹ́ fi—

MÙNÍRÁTÙ: Ṣé iná wà?

ṢẸ̀HÌNDÉ: [ẹ̀rín] Iná wo? Wọ́n ti mú un láti àná.

MÙNÍRÁTÙ: Pa mítà síbẹ̀síbẹ̀. Wọn kì í kọ lẹ́tà sí èèyàn kí wọ́n tó dá a padà.

ṢẸ̀HÌNDÉ: Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ ká yára. Faruk ajẹ́ńtì wà níta pẹ̀lú tọkọtaya kan. Ó ní tí a ò bá fèsì láàárín wákàtí yìí, òun á fún wọn.

MÙNÍRÁTÙ: Èmi náà ò ráyè. Habiba tó fẹ́ ra ṣọ́ọ̀bù ti jókòó síwájú mi, òun àti ìwé àti ẹlẹ́rìí méjì. Bí mo bá ti fọwọ́ sí i báyìí, ṣọ́ọ̀bù ìyá wa di tiẹ̀ nìyẹn. Kò sí pé mo tún rò ó.

HABIBA: [láti ẹ̀gbẹ́] Auntie Muni, abeg, sign make we go. Àwọn èèyàn mi ti ń bínú.

MÙNÍRÁTÙ: Habiba, mu omi rẹ. Ilé ni mo fẹ́ fi owó rẹ rà, kì í ṣe tòmátì.

HABIBA: Island gan-an paa! Ṣé canoe ni wọ́n máa fi gbé yín lọ síbẹ̀ ni?

MÙNÍRÁTÙ: Wọ́n kàn ń pè é bẹ́ẹ̀ ni. Láti Lekki lọ títí tó fi kọjá Ajah, Island lajẹ́ńtì ń pe gbogbo ẹ̀. Ṣẹ̀hìndé, ṣé o gbọ́ mi?

[Fóònù ń kùn.]

ṢẸ̀HÌNDÉ: —pé iye yìí! Ibo lẹ ti fẹ́ rí oníyàrá mẹ́ta ní Island ní iye yìí? Ní Lekki, géètì nìkan lowó yẹn máa rà.

MÙNÍRÁTÙ: Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nìyẹn. Gbọ́. Súwíìṣì kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, àbí?

ṢẸ̀HÌNDÉ: Ó wà.

MÙNÍRÁTÙ: Sọ́kẹ́ẹ̀tì kan wà nísàlẹ̀ ẹ̀.

ṢẸ̀HÌNDÉ: Ó wà. Ó tó orúnkún mi.

MÙNÍRÁTÙ: Tú síkúrù kan lára ti òkè, kí o tú ọ̀kan lára ti ìsàlẹ̀. Gbé wọn sí àtẹ́lẹwọ́ ẹ, kí o sọ bí wọ́n ṣe rí fún mi.

ṢẸ̀HÌNDÉ: Síkúrù? Ẹ̀gbọ́n mi, mílíọ̀nù rẹpẹtẹ lẹ fẹ́ ná, síkúrù lẹ ń bèèrè?

MÙNÍRÁTÙ: Oníná kan náà ló kàn wọ́n, lọ́jọ́ kan náà, láti inú páálí kan náà. Bí omi ò bá wọ ilé yẹn rí, bákan náà ni wọ́n máa rí. Bó bá ti wọ̀ ọ́, ti ìsàlẹ̀ máa dípẹtà, ti òkè á sì máa dán. Ṣé o rí i? Wọ́n lè kun ògiri. Wọ́n lè pààrọ̀ ilẹ̀kùn. Ta ló máa rántí ẹ̀yìn síkúrù?

ṢẸ̀HÌNDÉ: Ta ló kọ́ yín nírú èyí?

MÙNÍRÁTÙ: Omi Darkuman, àdúgbò wa níbí, ló kọ́ mi. Ọdún tó wọlé bá wa, mo ní kí oníná wá, kò wá. Mo pa iná, mo jókòó sílẹ̀, mo tú síkúrù mọ́kànlá fúnra mi, mo ń fi kẹrosíìnì fọ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Dá mi lóhùn, ṣé o gbọ́ mi?

ṢẸ̀HÌNDÉ: Mo gbọ́ yín. Mò ń tú u.

[Ọkọ̀ ń fọn fèrè ní Makola.]

ṢẸ̀HÌNDÉ: Ó ti jáde. Méjèèjì mọ́ tónítóní. Ẹ fọwọ́ síwèé yín.

MÙNÍRÁTÙ: Kíá báyẹn?

ṢẸ̀HÌNDÉ: Wọ́n rọ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni mo yí i tó fi bọ́ sí mi lọ́wọ́.

MÙNÍRÁTÙ: Ṣẹ̀hìndé.

ṢẸ̀HÌNDÉ: Mà?

MÙNÍRÁTÙ: Síkúrù sọ́kẹ́ẹ̀tì gùn tó oríkèé ìka méjì. Kò sí èyí tó ń jáde lẹ́ẹ̀mejì láyé yìí. O ò tíì tú nǹkan kan.

[Ìró screwdriver lórí táìlì.]

MÙNÍRÁTÙ: Ṣé o gbọ́ mi?

ṢẸ̀HÌNDÉ: Mo gbọ́.

MÙNÍRÁTÙ: Kí ló dé tí o fi ń purọ́ fún mi?

ṢẸ̀HÌNDÉ: Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú. Lánlọ́ọ̀dù wa ní Agége ti ta ilé. Ìparí oṣù yìí la máa kó jáde. Ẹ̀yin náà lẹ sọ pé bí ẹ bá ra èyí, èmi ni màá máa ṣọ́ ọ. Mo ti... Àpò mi méjì ti wà ní yàrá ẹ̀yìn níbí.

MÙNÍRÁTÙ: O ti kó ẹrù wọlé tí mi ò tíì rà?

ṢẸ̀HÌNDÉ: Faruk ló ní kí n—

MÙNÍRÁTÙ: Faruk! Faruk ló bí wa? Torí àpò méjì, o fẹ́ kí n fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ láìmọ ohun tí mò ń rà?

ṢẸ̀HÌNDÉ: Ọmọ ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta ni mí. Níbo ni kí n tún máa gbé àpò kiri lọ?

HABIBA: Auntie, ṣé ó ti bàjẹ́ ni?

MÙNÍRÁTÙ: Dúró ná, Habiba. Ṣẹ̀hìndé, gbọ́. Lọ́dún 'sixty-nine tí wọ́n ní kí gbogbo Alata, àwa ọmọ Nàìjíríà, kúrò ní Ghana, màmá wa kò nílé kankan tó máa kó wa lọ. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwé la sùn sí, oṣù mẹ́ta gbáko, kó tó di pé ó padà wá ṣí ṣọ́ọ̀bù yìí. Wọn ò tíì bí ọ. Mo mọ ohun tí àìnílé jẹ́, ó ti wà lára mi láti kékeré. Ìdí tí mo fi fẹ́ ra ilé nìyẹn. Ìdí tí mi ò fi ní ra omi náà nìyẹn. Ó yá, tú síkúrù.

ṢẸ̀HÌNDÉ: [ohùn ti lọ sílẹ̀] Ó yá. Ti òkè ni mo kọ́kọ́ mú.

[Ìró irin tó ń yí lára irin.]

MÙNÍRÁTÙ: Rọra. Tì í wọlé díẹ̀ kí o tó máa yí i, kí orí ẹ̀ má baà jẹ. Máa kà á.

[Fóònù ń kùn. Ohùn ń já.]

ṢẸ̀HÌNDÉ: —jáde. Ó gùn lóòótọ́! Ó ń dán bíi pé àná ni wọ́n rà á.

MÙNÍRÁTÙ: Ó dáa. Ti ìsàlẹ̀.

[Ìró irin. Ó dáwọ́ dúró. Ó tún bẹ̀rẹ̀.]

ṢẸ̀HÌNDÉ: Kò fẹ́ yí.

MÙNÍRÁTÙ: Tì í dáadáa.

ṢẸ̀HÌNDÉ: Mò ń tì í, kò... Hẹ̀n! Orí ẹ̀ ti kán.

MÙNÍRÁTÙ: Àwọ̀ wo ni ibi tó ti kán?

ṢẸ̀HÌNDÉ: Pupa. Pupa bí ilẹ̀ Ìbàdàn.

MÙNÍRÁTÙ: Fi ẹnu screwdriver yọ ojú sọ́kẹ́ẹ̀tì náà síta. Wo inú ẹ̀.

[Ìró ike tó là. Nǹkan kan dà sílẹ̀ wóró.]

MÙNÍRÁTÙ: Kí ló dà yẹn? Ṣẹ̀hìndé, ṣé o gbọ́ mi?

ṢẸ̀HÌNDÉ: Yanrìn ni. Yanrìn wà nínú ògiri, ẹ̀gbọ́n mi. Àti... Ẹ dúró ná.

MÙNÍRÁTÙ: Àti kí ni?

ṢẸ̀HÌNDÉ: Ìṣáwùrú.

MÙNÍRÁTÙ: Kí lo pè é?

ṢẸ̀HÌNDÉ: Ìṣáwùrú, èyí tó ń gbé inú odò. Ìkarahun ẹ̀ ni, kò tó èékánná mi. Inú sọ́kẹ́ẹ̀tì ló wà.

MÙNÍRÁTÙ: [ẹ̀rín kúkúrú] Omi ló gbé e wọ ihò wáyà. Subhanallah. Ẹ wo ibi tó rí fi ṣelé.

[Ìró ilẹ̀kùn. Ẹsẹ̀ ń bọ̀.]

FARUK: Ọ̀gá, kí lẹ ń tú nínú ilé onílé?

MÙNÍRÁTÙ: Fi fóònù sí speaker. Faruk, ẹ káàárọ̀.

FARUK: Hajia! Ẹ káàárọ̀ mà. Ẹ má fi ìyẹn ṣe, àwọn ọmọ kékeré ló máa ń ki nǹkan bọ̀ ọ́.

MÙNÍRÁTÙ: Kò burú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gba screwdriver lọ́wọ́ àbúrò mi, kí ẹ tú ti yàrá kejì. Tí kò bá sí ìpẹtà níbẹ̀, mo fọwọ́ síwèé lójú ẹsẹ̀.

[Ìró ilẹ̀kùn tí wọ́n pa dé.]

MÙNÍRÁTÙ: Faruk? Ṣé ẹ gbọ́ mi?

FARUK: Hajia... Ti June nìkan ni. Kì í pẹ́ fà. Ọjọ́ mẹ́rin, márùn-ún. Ilé tó kù ládùúgbò náà—

ṢẸ̀HÌNDÉ: Ọjọ́ márùn-ún! Tó dé orúnkún mi! Inú yàrá ẹ̀yìn tí ẹ ní kí n kó àpò sí ńkọ́?

FARUK: Ìyẹn jìn díẹ̀ sí i.

MÙNÍRÁTÙ: Ẹ ṣeun, Faruk. Ó tó báyẹn. Ẹ sọ òótọ́ kan náà fún tọkọtaya tó wà níta.

[Ẹsẹ̀ ń lọ. Ìró bébà.]

MÙNÍRÁTÙ: Habiba, gba ìwé rẹ. Má bínú.

HABIBA: Ei, Auntie! So nothing?

MÙNÍRÁTÙ: Fún mi ní kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù mi.

[Kọ́kọ́rọ́ dún lórí tábìlì.]

MÙNÍRÁTÙ: Medaase, o ṣeun. Bí o bá fẹ́ Ankara, mo wà níbí lọ́la, wàá bá mi. Ṣẹ̀hìndé!

ṢẸ̀HÌNDÉ: Mo wà níbí. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi.

MÙNÍRÁTÙ: Gbé àpò ẹ kúrò níbẹ̀ kí òjò tó tún dé. Wọ bọ́ọ̀sì Accra lọ́jọ́ Jímọ̀ọ̀. Yàrá kan ṣófo ní Darkuman, ó sì gbẹ, mo ti la gọ́tà yí i ká fúnra mi.

ṢẸ̀HÌNDÉ: Kí n wá ṣe kí ni?

MÙNÍRÁTÙ: Wá jókòó sí ṣọ́ọ̀bù màmá ẹ. A ṣì máa ra ilé. Mélòó la fẹ́ wò kí a tó rí èyí tó gbẹ? Ìwọ lo máa máa tú u.

ṢẸ̀HÌNDÉ: Lẹ́yìn irọ́ tí mo pa?

MÙNÍRÁTÙ: Irọ́ yẹn ò dáa. Mú síkúrù òkè àti orí èyí tó kán dání. Mú ìṣáwùrú yẹn náà wá, mo fẹ́ gbé e sórí tábìlì níbí. Ṣé o gbọ́ mi?

[Fóònù ń kùn.]

ṢẸ̀HÌNDÉ: Mo gbọ́ yín.

MÙNÍRÁTÙ: Ti òkè tó jáde yẹn, mo ní kí o máa kà á. Ẹ̀ẹ̀melòó lo yí i?

ṢẸ̀HÌNDÉ: Mo kà á, ẹ̀gbọ́n mi. Lóòótọ́ ni mo kà á. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rìnlélógún—

[Ìpè já.]