Ìwé Dráàfù Tó Di Díìsì

Iná ti lọ ní ṣọ́ọ̀bù oní-fọ́tòkópì kan ní Sábó, a ń dúró kó dé, ni àgbà kan àti ọ̀dọ́kùnrin kan tó de táì bá bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn lórí ìwé ìròyìn àwọn tó ń ta dráàfù, tí wọn ò tẹ̀ sórí bébà mọ́, tó ti di díìsì kọ̀ǹpútà.

"Ẹ̀gbọ́n, ti díìsì yìí dáa ju ti bébà lọ jàre," ọ̀dọ́kùnrin náà ló wí bẹ́ẹ̀, ó fa díìsì mẹ́ta yọ nínú ọ̀rá. "Wọ́n ní ọmọ dráàfù ń rìn fúnra ẹ̀ níbẹ̀."

"Wọ́n ní?" Àgbà náà tẹ́ ìwé tirẹ̀ tó ti gbó sórí káńtà. "Ojú dráàfù wà láàárín tèmi. Ìdérí ìgò la fi ń ta á. Ó ti ya, òun ni mo fẹ́ ṣe fọ́tòkópì ẹ̀."

"Ẹ ò rí i? Epo àkàrà ti bà á jẹ́. Ẹ wo tèmi, ó mọ́ tónítóní!"

"Kí ni wọ́n kọ síbẹ̀ lóṣù yìí?"

"Kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì wa ò gba irú díìsì yìí."

"Ti oṣù tó kọjá ńkọ́?"

"Bákan náà ni."

"Abájọ! Ohun tẹ́nìkan ò tíì kà, báwo ni yóò ṣe dọ̀tí?"

Ọ̀dọ́kùnrin náà rọra dá díìsì padà sínú ọ̀rá. "Ẹ̀gbọ́n, tí iná bá dé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní kí wọ́n ṣe ẹ̀dà ìwé yín yẹn kan fún èmi náà."

Mo fẹ́ fi í rẹ́rìn-ín, àfi bí mo ṣe rántí ilé mi. Àwọn ìwé inú ṣókéèsì pálọ̀ mi náà mọ́ tónítóní.